Ṣé ká tètè sanwó kí ààyè má bàa bọ́? Bí a ṣe ń di ilé mú nínú ẹ́sítéètì tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ ra ilé nínú ẹ́sítéètì kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Féèsì àkọ́kọ́ ti tán kí á tó gbọ́ rárá, ìkejì ni wọ́n ń tà báyìí, ẹni tó ń bá wọn tà á dẹ̀ ń pè wá lójoojúmọ́ pé ilé mẹ́ta péré ló kù, pé tá ò bá san owó reservation, ìyẹn owó tí wọ́n fi ń di ilé kan mú, kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ẹlòmíì á gbà á. Ọkọ mi ní ká san án kí ọkàn wa balẹ̀, àmọ́ àyà mi ń já. Báwo la ṣe máa di ààyè wa mú tówó wa ò ní há sọ́hùn-ún?

Ìdáhùn:

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé sí mi lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ti sanwó tán kí wọ́n tó wá máa bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe máa gbà á padà. Iṣẹ́ mi ni pé mo máa ń bá àwọn tó ń ra ilé tuntun yẹ ìwé wò kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, mo dẹ̀ ti fìgbà kan ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń tà á, nítorí náà mo mọ bí wọ́n ṣe ń rò ó lọ́hùn-ún, mo sì mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tó ń rà.

Èsì tó kúrú nìyí: ẹ má sanwó títí tẹ́ ẹ fi máa rí ìwé, tẹ́ ẹ bá dẹ̀ ti rí ìwé tó dáa, ẹ má fi falẹ̀ mọ́, ẹ san án lọ́jọ́ kan náà. Owó nìkan kì í di ààyè mú, ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé nípa owó yẹn ló ń dì í mú. Mo ti rí ẹni tó kó owó tabua sílẹ̀ tí kò sí púlọ́ọ̀tì kankan lórúkọ ẹ̀, mo sì ti rí ẹni tó san owó kékeré tí kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́ nídìí ilé tó mú, torí ìwé ọwọ́ ẹ̀ sọ gbogbo ohun tó yẹ kó sọ.

Ohun tó máa ń da àwọn èèyàn rú ni pé gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní "gba ààyè", bẹ́ẹ̀ ìpele ìpele ló wà. Èyí tó fúyẹ́ jù ni kẹ́ ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù yín sínú lísìtì àwọn tó nífẹ̀ẹ́ sí i, ọ̀fẹ́ ni, kò de yín, kò dẹ̀ de àwọn náà, àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n á pè yín kí wọ́n tó gbé àwọn ilé yẹn síta fún gbogbo ayé. Òmíì wà tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi owó díẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé tọkàntọkàn lẹ fi fẹ́ rà, àmọ́ wọn ò tíì dárúkọ ilé kan pàtó, wọn ò tíì sọ iye tó máa jẹ́, ẹ kàn wà lórí ìlà ni. Ẹ̀yìn ìyẹn ni reservation gangan tó ń bọ̀, níbi tẹ́ ẹ ti jọ fẹnu kò lórí ilé yìí ní pàtó, ní iye yìí ní pàtó, tí wọ́n á yọ ọ́ kúrò lọ́jà fún ìwọ̀nba ọjọ́ kẹ́ ẹ lè lọ palẹ̀ ọ̀rọ̀ bánkì àti lọ́yà mọ́. Lẹ́yìn ẹ̀ ni àgírímẹ́ǹtì ríra fúnra ẹ̀, ibẹ̀ ni owó àsansílẹ̀ tó wúwo ti máa ń jáde, ibẹ̀ náà dẹ̀ ni òfin ti máa ń mú ọ̀tún mú òsì.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa bi ẹni tó ń pè yín ni pé èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lòun ń gbowó ẹ̀. Tó bá ní reservation ni, ẹ bi í pé ilé wo, nọ́ńbà púlọ́ọ̀tì wo. Tí kò bá lè dárúkọ ilé kan, a jẹ́ pé orí ìlà ló fẹ́ kẹ́ ẹ sanwó wà, ìyẹn ò burú tówó yẹn bá ṣeé gbà padà nígbàkígbà, ó burú gan-an tí kò bá ṣeé gbà.

Ẹ jẹ́ kí n mú òfin ìlú mélòó kan wá, torí tẹ́ ẹ bá rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tí ìjọba ti dá sí i, ẹ ó mọ ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè níbikíbi tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ rà á. Lọ́dọ̀ àwọn Faransé, owó tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń di ilé tí wọn ò tíì kọ́ mú ò gbọdọ̀ ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé yẹn, ìyẹn tẹ́ ẹ bá máa tọwọ́ bọ àgírímẹ́ǹtì ríra gangan láàárín ọdún kan, tó bá máa lé lọ́dún kan àmọ́ tí kò ní ju méjì lọ, ìdá 2 ni, tó bá máa ju ọdún méjì lọ, wọn ò gbọdọ̀ gba ohunkóhun, ẹni tó tọwọ́ bọ̀wé dẹ̀ ní ọjọ́ 10 tó lè fi sọ pé òun ò ṣe mọ́. Ní Singapore, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ló wọ́pọ̀, tẹ́ ẹ bá wá sọ pé ẹ ò rà mọ́, ìdá kan nínú mẹ́rin owó tẹ́ ẹ san yẹn ni wọ́n máa yọ, wọ́n á dá ìyókù padà. Ní Hong Kong, ọwọ́ le díẹ̀, ìdá 5 náà ni, tẹ́ ẹ ò bá dẹ̀ tọwọ́ bọ àgírímẹ́ǹtì gangan láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5, owó yẹn ti lọ nìyẹn. Ní Ìlú Ọba, àwọn ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ New Homes Quality Code, ìyẹn ìlànà fún àwọn tó ń kọ́ ilé tuntun tà, gbọ́dọ̀ fún yín ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn reservation tẹ́ ẹ lè fi yí ọkàn padà kí wọ́n sì dá owó yín fún yín, ìlànà kan náà yẹn dẹ̀ sọ pé wọn ò gbọdọ̀ máa fúngun mọ́ oníbàárà pé kó rà.

Ẹ wò ó dáadáa, ìlú yàtọ̀ sí ìlú, Faransé fọwọ́ rọra mú un, Hong Kong ò ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ohun kan dọ́gba nínú gbogbo ẹ̀: owó yẹn kéré sí iye ilé, àkókò tí wọ́n dá wà fún un, wọ́n dẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i tẹ́ ẹ bá yẹ̀ ẹ́. Tí ẹnì kan bá wá ní kẹ́ ẹ mú ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún wá láti fi "di ààyè mú", ẹ mọ̀ pé ilé lẹ ti ń rà yẹn láìní àgírímẹ́ǹtì. Ní Íńdíà, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2016 lórí ilé kíkọ́ àti títà sọ ọ́ ní ṣàkó pé ẹni tó ń kọ́lé ò gbọdọ̀ gbà ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ oníbàárà kí wọ́n tó jọ ṣe àgírímẹ́ǹtì títà kí wọ́n sì forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ohun tó fà á tí wọ́n fi ṣe òfin náà ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti sanwó ilé tí wọn ò rí wọ̀ fún ọdún gbọọrọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí "ilé mẹ́ta péré ló kù" yẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́, àmọ́ òótọ́ tí kò pé ni. Bí wọ́n ṣe ń tà á ni pé wọn kì í gbé gbogbo ilé síta lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á pín in, tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ọgọ́rùn-ún wọ́n lè kọ́kọ́ gbé mẹ́wàá tàbí ogún jáde, tí ìyẹn bá tán wọ́n á fi owó díẹ̀ lé e, wọ́n á gbé òmíì jáde. Ìdí wà fún un tí kì í ṣe ẹ̀tàn, wọn ò lè kọ́ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bánkì tó ń yá àwọn náà lówó dẹ̀ fẹ́ rí i pé ọjà ń tà kó tó tún gbé owó jáde. Àmọ́ ohun tó túmọ̀ sí fún yín ni pé mẹ́ta tó kù yẹn, mẹ́ta tó kù nínú àwọn tí wọ́n gbé jáde ni. Ní Hong Kong, wọ́n rí i pé àwọn kan ń fún un jáde díẹ̀díẹ̀ jù kí oníbàárà lè máa bẹ̀rù, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ lọ́dún 2013 wá sọ pé àwọn ilé tó wà nínú lísìtì owó àkọ́kọ́ ò gbọdọ̀ kéré ju òǹkà kan lọ, pé ìwé tó ṣàlàyé ẹ́sítéètì náà gbọ́dọ̀ ti wà níta ó kéré tán ọjọ́ 7 ṣáájú títà, kí lísìtì owó sì ti wà níta ó kéré tán ọjọ́ 3 ṣáájú. Ìyẹn ni pé ìjọba fúnra ẹ̀ gbà pé èèyàn nílò ọjọ́ mélòó kan láti fi ronú.

Ẹ béèrè fún pílánù gbogbo ẹ́sítéètì, kí wọ́n fi àwọ̀ sàmì sí èyí tí wọ́n ti tà, èyí tẹ́nì kan ti fi owó dì mú, èyí tó ṣì wà, àti èyí tí wọn ò tíì gbé jáde. Ilé-iṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe máa ní in lórí kọ̀ǹpútà wọn lọ́wọ́lọ́wọ́. Nǹkan míì tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé reservation máa ń já gan-an, bánkì lè má fọwọ́ sí i fún ẹni tó dì í mú, tọkọtaya lè yí ọkàn padà, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, ilé náà á sì padà sọ́jà. Nítorí náà tí èyí tẹ́ ẹ fẹ́ gan-an bá ti lọ, kódà tó bá wà nínú féèsì àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ ní ó ti tán yẹn, ẹ ní kí wọ́n kọ yín sílẹ̀ bí ẹni tó tẹ̀ lé e, ẹ fi í-meèlì béèrè kó lè wà nílẹ̀, ẹ máa bi wọ́n léraléra. Mo mọ àwọn tó gba ilé tó dáa jù nínú ẹ́sítéètì báyẹn, nígbà tí àwọn tó ń sáré ń mú èyí tí wọn ò fẹ́.

Àmọ́ kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè yára nígbà tó bá yá tẹ́ ẹ ò bá ti múra sílẹ̀, ibí yìí dẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù. Tí ilé kan bá jáde tí èèyàn méjì fẹ́ ẹ, tí ọ̀kan ní ìwé bánkì lọ́wọ́ tí ìkejì ní "a máa bá bánkì sọ̀rọ̀", ẹ mọ ẹni tí wọ́n máa fún. Ẹ lọ bá bánkì tàbí ilé-iṣẹ́ tó ń yáni lówó ilé báyìí, kẹ́ ẹ tó san ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo owó tó ń wọlé fún yín, gbèsè tẹ́ ẹ ní, kí wọ́n fún yín ní ìwé pé iye báyìí làwọn lè yá yín. Ẹ sọ fún wọn pé ilé tuntun tí wọn ò tíì parí ni, ẹ sọ ọ́ ní gbangba, torí bánkì míì wà tí kì í yáni lówó lórí irú ẹ̀, òmíì á yáni àmọ́ á ní kẹ́ ẹ mú owó ọwọ́ yín wá ju bó ṣe máa jẹ́ tó bá jẹ́ ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀ lẹ fẹ́ rà. Bánkì dẹ̀ máa rán ẹni tiẹ̀ lọ díyelé ilé náà, tí ẹni yẹn bá sọ pé ó kéré sí iye tí wọ́n ń tà á, ẹ̀yin lẹ máa wá ìyàtọ̀ yẹn látinú àpò yín. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ilé tuntun ju ti àtijọ́ lọ, torí èèyàn máa ń san owó lé e nítorí pé òun lòun máa kọ́kọ́ gbé inú ẹ̀.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó ń dun àwọn èèyàn gan-an: ìwé bánkì ní ọjọ́ tó máa kú. Bánkì á ní àwọn fọwọ́ sí i fún oṣù mélòó kan, ilé tí wọ́n ní ó máa parí lóṣù kẹfà á wá di oṣù kọkànlá, ìwé ti kú, èlé ti gòkè, ẹni tó lówó tó tẹ́lẹ̀ ò wá ní í tó mọ́, àmọ́ àgírímẹ́ǹtì tó ti tọwọ́ bọ̀ ṣì dè é. Ẹ bi bánkì pé títí dìgbà wo ni ìwé yìí máa wà láàyè, ṣé ẹ lè fi kún un, àti pé ṣé èlé tí wọ́n kọ síbẹ̀ ò ní yí padà. Ẹ wá fi èsì ẹ̀ wé ọjọ́ tí àwọn tó ń kọ́lé dá, kẹ́ ẹ fi oṣù bíi mélòó kan lé ọjọ́ tí wọ́n dá yẹn lọ́kàn ara yín. Tí méjèèjì ò bá pàdé, ewu tó wà níbẹ̀ ju ti ẹlòmíì tó máa gba ilé lọ.

Ẹ wá lọ́yà tiyín náà sílẹ̀, kì í ṣe èyí tí àwọn tó ń tà á bá yín wá, kódà tí wọ́n bá ní àwọn á sanwó ẹ̀ fún yín. Lọ́yà yẹn lè jẹ́ èèyàn dáadáa, àmọ́ ibi tí iṣẹ́ ti ń wá fún un lojú ẹ̀ máa wà.

Ọ̀rọ̀ ibi tí owó ń lọ náà ṣe kókó. Ẹ má san án sí àkáǹtì ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ ara ẹ̀, ì báà jẹ́ ẹni tó ń tà á, ì báà jẹ́ ọ̀gá wọn pátápátá. Àkáǹtì tó dáa jù ni èyí tí àwọn tó ń kọ́lé fúnra wọn ò lè fọwọ́ kàn bó ṣe wù wọ́n, tí wọ́n ń pè ní escrow, ẹlòmíì ló ń tọ́jú owó yẹn, wọ́n á máa yọ ọ́ bí ilé bá ṣe ń gòkè. Dubai ṣe òfin rẹ̀ lọ́dún 2007, Òfin nọ́ńbà 8, pé ẹni tó bá fẹ́ ta ilé tí kò tíì kọ́ gbọ́dọ̀ ní irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Ní Íńdíà, òfin 2016 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ní kí wọ́n fi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí oníbàárà san sínú àkáǹtì ọ̀tọ̀, fún ilẹ̀ àti ilé kíkọ́ nìkan. Ìdí ẹ̀ ni pé láyé àtijọ́ wọ́n á gba owó ẹ́sítéètì yìí, wọ́n á fi ra ilẹ̀ ibòmíì, wọ́n á tún gba owó tibẹ̀ wá parí tibí, lọ́jọ́ tí ọjà bá dúró, gbogbo ẹ̀ á dúró lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rántí Evergrande ní Ṣáínà, ilé-iṣẹ́ ńlá ni, wọ́n ti gbowó ilé tó pọ̀ rẹpẹtẹ ṣáájú, lọ́dún 2021 wọn ò lè san gbèsè wọn mọ́, nígbà tó fi máa di 2022 àwọn tó ra ilé tí wọn ò parí ní ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀, lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ oríṣiríṣi, wá ń kéde pé àwọn ò ní san owó tí àwọn yá ní bánkì mọ́ títí iṣẹ́ fi máa padà bẹ̀rẹ̀ lórí ilé àwọn. Ẹ̀yin ẹ wo ìnira yẹn, kéèyàn máa san gbèsè ilé tí ò ní òrùlé, kó dẹ̀ tún máa san owó ilé tó háyà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn kí sísan owó máa bá iṣẹ́ rìn. Àwọn Faransé fi òfin sí i, owó tí wọ́n ti gbà ò gbọdọ̀ ju ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nígbà tí ìpìlẹ̀ bá parí, 70 nígbà tí òrùlé bá ti dé tí òjò ò lè wọlé mọ́, 95 nígbà tí ilé bá parí, ìyókù di ìgbà tí wọ́n bá kó kọ́kọ́rọ́ fún yín. Tí ìwé tí wọ́n fún yín bá jẹ́ ọjọ́ nìkan ló ń tẹ̀ lé, oṣù kìíní ẹ san tó báyìí, oṣù kẹta ẹ san tó báyìí, tí kò bi léèrè pé ṣé wọ́n ti mọ ògiri tàbí wọn ò tíì mọ ọ́n, ẹ ní kí wọ́n yí i padà kó máa bá iṣẹ́ lọ.

Lórí ilé tẹ́ ẹ máa mú gan-an, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ lọ sí sáìtì fúnra yín, ẹ má fi ilé àfihàn tí wọ́n ti kó àga olówó ńlá sí ṣe ìpinnu. Ẹ wo ibi tí omi òjò máa gbà, ẹ wo ibi tí ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ẹ wo pílánù kẹ́ ẹ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ síwájú fèrèsé yín ní féèsì tó ń bọ̀, torí pápá gbalasa tẹ́ ẹ rí lónìí lè di ilé alájà mẹ́rin. Ẹ béèrè ọ̀nà tí ọkọ̀ tó ń kó yẹ̀pẹ̀ á máa gbà títí gbogbo ẹ́sítéètì fi máa parí, ẹni tó bá kọ́kọ́ kó wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yẹn máa jẹ eruku fún ìgbà pípẹ́. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe wọn ilé náà, ṣé inú yàrá nìkan ni, àbí wọ́n ti ka ògiri àti ọ̀nà àbákọjá mọ́ ọn. Ẹ dẹ̀ béèrè owó tẹ́ ẹ ó máa san lọ́dọọdún fún ìtọ́jú ẹ́sítéètì, ta ló ń dá iye ẹ̀, ṣé ààlà wà fún bó ṣe lè gòkè.

Ọjọ́ tí wọ́n máa parí ilé ló kù tí mo fẹ́ tẹnu mọ́. Ọjọ́ méjì ló yẹ kó wà nínú ìwé, ọjọ́ tí wọ́n rò pé ó máa parí, àti ọjọ́ ìkẹyìn pátápátá tó jẹ́ pé tó bá kọjá, ẹ lè gba gbogbo owó yín padà kẹ́ ẹ sì máa lọ. Ẹ rí i dájú pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ rà á lẹ ní ẹ̀tọ́ láti lo ọjọ́ ìkẹyìn yẹn, kó má jẹ́ àwọn nìkan. Ní ìpínlẹ̀ New South Wales ní Ọsirélíà, nígbà tí owó ilé ń gòkè, àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á fa iṣẹ́ gùn títí ọjọ́ yẹn fi máa kọjá, wọ́n á fagi lé àgírímẹ́ǹtì, wọ́n á dá owó àsansílẹ̀ padà, wọ́n á tún ilé kan náà tà lówó tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìjọba ibẹ̀ yí òfin padà lọ́dún 2015 pé kí ẹni tó ń kọ́lé tó lè fagi lé e báyẹn, oníbàárà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, tí kò bá fọwọ́ sí i, ilé ẹjọ́ gíga ló máa sọ. Tí òfin ibi tẹ́ ẹ wà ò bá dáàbò bò yín báyẹn, ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́ sínú àgírímẹ́ǹtì. Ẹ má dẹ̀ tíì sọ fún lándílọ́ọ̀dù yín pé ẹ ń kó jáde títí kọ́kọ́rọ́ fi máa dé ọwọ́ yín.

Ṣé ẹ lè ná an? Lórí iye ilé, ó ṣòro ní ìbẹ̀rẹ̀ féèsì, torí tí wọ́n bá dín in fún yín, àwọn tó ti rà á tẹ́lẹ̀ á gbọ́, bánkì náà á fi iye yẹn díyelé àwọn tó kù. Àmọ́ ohun tí wọn kì í kà sí ni ẹ lè béèrè, kí wọ́n bá yín ṣe fẹ́ǹsì, kí wọ́n fi kọ́bọ́ọ̀dù sí yàrá, kí wọ́n san owó lọ́yà yín láìyan lọ́yà fún yín, kí wọ́n fún yín ní ọjọ́ tó gùn sí i láti fi ṣe ìwé bánkì. Ilé méjì mẹ́ta tó kù kẹ́yìn nínú féèsì lẹ ti lè rí dísíkáǹtì gidi, torí wọ́n fẹ́ kó kúrò nílẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń pè yín yìí. Ẹ má bá a jà, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe. Lónìí yìí, ẹ fi í-meèlì ránṣẹ́ sí i, kì í ṣe fóònù, ẹ kọ ọ́ báyìí:

"A fẹ́ ra ilé yìí o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́ọ̀mù reservation ránṣẹ́ sí wa ká kà á, kó ní nọ́ńbà púlọ́ọ̀tì, iye ilé tí kò ní yí padà, iye owó reservation àti pé inú iye ilé ló wà, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, pé ẹ ò ní tà á fún ẹlòmíì láàárín ọjọ́ yẹn, iye tẹ́ ẹ máa dá padà fún wa tá ò bá rà á mọ́ tàbí tí bánkì ò bá fọwọ́ sí i, àti àkáǹtì tá a máa san án sí. Ẹ fi ẹ̀dà àgírímẹ́ǹtì ríra mọ́ ọn kí lọ́yà wa lè wò ó."

Ẹ kíyè sí ibi tí mo ti kọ "tí bánkì ò bá fọwọ́ sí i" yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, torí kí bánkì má fọwọ́ sí i ló máa ń jẹ́ kí owó èèyàn há jù lọ, ẹni tó sanwó fẹ́ rà, bánkì ló ní rárá, ìwé dẹ̀ sọ pé ẹni tí kò bá rà á máa pàdánù owó ẹ̀.

Tí wọ́n bá fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, tí ìwé bánkì yín ti wà nílẹ̀, tí owó tí wọ́n máa yọ tẹ́ ẹ bá yẹ̀ ẹ́ jẹ́ iye tẹ́ ẹ lè gbójú fò, ọkọ yín tọ̀nà, ẹ san án, ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà púlọ́ọ̀tì lára, ẹ fi ẹ̀dà ẹ̀ ránṣẹ́ sí lọ́yà lọ́jọ́ kan náà kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, torí ọjọ́ ti ń kà. Tí ìwé bánkì ò bá tíì sí nílẹ̀ àmọ́ tí owó reservation ṣeé gbà padà pátápátá, ẹ ṣì lè san án, kẹ́ ẹ sáré lọ bá bánkì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ló dáhùn pé kò sí àyè fún ìwé báyìí, kẹ́ ẹ kàn sanwó ná, ìwé á tẹ̀ lé e, ẹ má san án, ẹ kọ ọ́ sí i pé ẹ ṣì wà lórí lísìtì féèsì kẹta àti ti ilé tó bá padà sọ́jà. Fọ́ọ̀mù yẹn tó bá dé, ẹ lè fi ẹ̀dà ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ká jọ kà á, ẹ kàn fi nǹkan bo orúkọ yín àti nọ́ńbà àkáǹtì kẹ́ ẹ tó yà á.